Ẹ Má Tíì Tẹ "Mo Gbà"

Ímeèlì náà kì í gùn. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyípadà díẹ̀ ti bá ìrìnàjò yín, wọ́n á tọrọ àforíjì ní gbólóhùn kan, wọ́n á wá gbé bọ́tìnnì kan sísàlẹ̀ tó tóbi ju àforíjì náà lọ: ẹ tẹ "Mo gbà". Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó ka àkókò tuntun ọ̀hún tán. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé bí àwọn ò bá tètè gbà, àga àwọn yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Àga kì í tètè bọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bọ́ ni agbára tí ilé iṣẹ́ bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lé èrò lọ́wọ́ láìfẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé lánàá, owó gọbọi lẹni tó bá fẹ́ yí ọjọ́ rẹ̀ padà yóò san, sábà máa ń di èyí tó ṣeé yí lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, nítorí pé ẹni tó tà á ló kọ́kọ́ yẹ àdéhùn. Bí èrò bá ti wá tẹ "Mo gbà", àdéhùn tuntun ti wọlé nìyẹn, owó gọbọi sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó ń lọ Dubai tó sì ń bọ̀ tààrà lè tẹ̀ ẹ́ kí nǹkan kan má ṣe é. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún ẹni tí ìrìnàjò rẹ̀ gba ìlú mẹ́rin, tó jẹ́ pé bí ìlú kan bá yẹ̀, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ló máa yẹ̀.

Àyípadà yìí kì í ṣe àkóbá lásán. Nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ìwé àkókò tí wọ́n gbé síta kò tíì dúró sójú kan. Ọ̀nà méjì ni ọdún àwọn bàálù pín sí: ìgbà ooru bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta, ìgbà òtútù bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá. Bí ọjọ́ méjèèjì yìí bá ti ń súnmọ́, ẹ máa retí ímeèlì. Ọ̀rọ̀ aago náà tún wà níbẹ̀. Nàìjíríà kì í yí aago tirẹ̀ padà, Brazil sì ti jáwọ́ nínú yíyí tirẹ̀ láti ọdún 2019, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ń yí tirẹ̀, Amẹ́ríkà ń yí tirẹ̀, wọn kì í sì í yí i lọ́jọ́ kan náà. Ìdí nìyẹn tí Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù fi ń lo aago kan náà nígbà ooru, tí Lọ́ńdọ̀nù á sì fi wákàtí kan rẹ̀yìn nígbà òtútù. Wákàtí kan yìí nìkan tó láti ba ìpààrọ̀ ọkọ̀ jẹ́.

Àwọn ìdí mìíràn tóbi ju aago lọ. Ní ọdún 2024, British Airways dín iṣẹ́ kù lójú ọ̀nà bíi mélòó kan nítorí pé Rolls-Royce kò rí ẹ́ńjìnnì Trent 1000 àti ẹ̀yà rẹ̀ kó jáde tó fún àwọn Boeing 787 wọn. Láti ìparí oṣù Kejì ọdún 2022 ni ojú òfurufú Rọ́ṣíà ti tì mọ́ àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù lójú. Finnair, tó ti ń fi ọ̀nà kúkúrú láti Helsinki sí Japan jẹun tipẹ́, wá di ẹni tó ń rìn yípo. Èrò tó jókòó sí Ìbàdàn kò mọ gbogbo ìyẹn. Ohun tó mọ̀ ni pé Ọjọ́bọ̀ rẹ̀ ti di Àbámẹ́ta.

Bó ṣe di Àbámẹ́ta mọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́wọ́ nìyẹn. Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ Ìbarà l'Abẹ́òkúta, níbi tí ojúbọ Yemọja wà. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé wọn pé àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà kò gbàgbé Yemọja, pé ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì, gbogbo Salvador á tú jáde sí etíkun Rio Vermelho láti kó ẹ̀bùn fún un. Àwọn apẹja ló dá ọdún náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Láti ìdájí ni èrò ti máa ń tò láti kó òdòdó, lọ́fínńdà, ọṣẹ, dígí àti òòyà sínú agbọ̀n ńláńlá. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ọkọ̀ ojú omi á kó wọn lọ sójú agbami. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò lọ bọ ohunkóhun, àwọn fẹ́ lọ fojú rí ohun tí àwọn ti fi ẹnu kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí wá.

Àwọn ọmọ wọn dáwó. Àkọ́bí wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò rẹ̀ obìnrin wà ní Houston. Ètò náà lọ báyìí: kí wọ́n kúrò l'Ékòó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì míì ní Houston, kí wọ́n gbéra ní Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù náà, kí wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ nínú Amẹ́ríkà níbẹ̀, kí wọ́n sì balẹ̀ sí São Paulo ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì. Bàálù abẹ́lé Brazil á gbé wọn dé Salvador ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ọdún Yemọja bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú lọ́dún náà, àyè wà fún ìsinmi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n gba ìlú Yúróòpù kan padà sí Èkó. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀, àyàfi ti Salvador tí ọmọ Houston rà lọ́tọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé owó rẹ̀ fúyẹ́.

Ìgbà òtútù àwọn bàálù kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìkìlọ̀ dé. Mo ní "dé", àmọ́ inú kọ̀ǹpútà ájẹ́ńtì tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ló dé sí, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì tó wà nínú búkìǹgì náà, ti ọ́fíìsì ájẹ́ńtì ni. Ìkìlọ̀ irú èyí máa ń bọ́ sínú ìlà kan tí ájẹ́ńtì gbọ́dọ̀ máa ṣí wò lójoojúmọ́, àwọn tó sì ń fi gbogbo ọjọ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè ṣí i. Ẹ sọ fún ẹni tó bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún yín pé kó fi nọ́ńbà tiyín síbẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ájẹ́ńtì ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Ìlà kọ̀ọ̀kan ìrìnàjò ní lẹ́tà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. HK ló máa ń wà níbẹ̀ bí gbogbo nǹkan bá dára, ìyẹn ni pé àga dájú. Ní ti Màmá, àwọn ìlà kan ti di UN, bàálù yẹn kò sí mọ́ fún wọn. Lábẹ́ UN kọ̀ọ̀kan, ìlà tuntun wà tó ní TK, ìyẹn àkókò mìíràn tí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yàn, tó ń retí kí a fọwọ́ sí. Ájẹ́ńtì ní kò sí wàhálà, òun á kàn gbà á. Mo ní kó dákun mú ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

Kọ̀ǹpútà kò burú, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń ṣe. Ó ń wá àga tó ṣófo tó súnmọ́ jù. Kò mọ Yemọja, kò mọ físà, kò mọ eékún ẹni àádọ́rin ọdún. Bàálù Houston ti sún sí ìrọ̀lẹ́, kò lè bá bàálù alẹ́ tó ń lọ São Paulo mọ́. Ti Ọjọ́ Ẹtì ti kún. Ni kọ̀ǹpútà bá gbé Màmá sí alẹ́ Àbámẹ́ta, kí wọ́n balẹ̀ sí São Paulo ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú. Lójú ẹni tí kò mọ̀, ọjọ́ méjì péré ló fi yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba São Paulo wọ Brazil, ibẹ̀ ni yóò ti kọjá lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú, ibẹ̀ ni yóò ti gba ẹrù rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, kó tó tún jọ̀wọ́ rẹ̀ fún bàálù abẹ́lé tó máa rìn ju wákàtí méjì lọ. Nígbà tí Màmá bá fi máa dé Rio Vermelho, agbọ̀n ti wà lójú agbami, àwọn tó kù ní etíkun ti ń mu ọtí.

Nítorí náà, ọjọ́ tí kò ṣeé sún la ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, a sì ń kà á padà sẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tún irú ètò yìí tò yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni kò ṣeé sún nínú ìrìnàjò yìí: ìgbéyàwó ni, ọjọ́ dókítà ni, ọjọ́ tí físà máa kú ni? Ọjọ́ kejì oṣù Kejì kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Kí Màmá tó wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn, ó yẹ kí wọ́n ti sùn sí Salvador ní alẹ́ Àbámẹ́ta, ó kéré tán. Kí wọ́n tó sùn níbẹ̀, bàálù alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń lọ São Paulo, tí àga wọn ti wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni kí wọ́n bá. Wọn kò tíì fagi lé bàálù yẹn! Èyí kékeré tó máa gbé wọn dé ìdí rẹ̀ ló sún. Mo bi ájẹ́ńtì bóyá kò sí èyí tó ń kúrò ní Houston láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó wò ó. Ó wà, àga sì wà lórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti gbé ẹsẹ̀ gígùn ìrìnàjò náà kúrò nílẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ kúkúrú. Ohun tí Màmá á pàdánù ni ọ̀sán kan lọ́dọ̀ ọmọ wọn, tí wọ́n á fi jókòó ní pápákọ̀ òfurufú.

Mo fẹ́ràn láti máa sọ apá yìí nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ojútùú tó dára jù kì í sábà wà nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, kì í sì í jìnnà sí i.

Ìpadàbọ̀ ló le. Wákàtí méjì àti ààbọ̀ ni Màmá ì bá fi pààrọ̀ ọkọ̀ ní Yúróòpù tẹ́lẹ̀. Ètò tuntun sọ ọ́ di ogún wákàtí, alẹ́ wà láàárín, wọ́n sì máa ń ti apá ìpààrọ̀ ọkọ̀ ní pápákọ̀ ìlú náà lóru. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 12 tí Ẹgbẹ́ Yúróòpù ní kí ọmọ wọn gba físà kó tó lè gba pápákọ̀ Schengen kọjá pàápàá. Ẹni tí físà Amẹ́ríkà rẹ̀ ṣì wúlò lè bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, Màmá sì ní in, ṣùgbọ́n inú pápákọ̀ nìkan ló bò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jáde lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, físà Schengen gidi lẹ nílò, èyí tí Màmá kò ní. Bí a bá ti tẹ "Mo gbà", orí bẹ́ǹṣì lárin òtútù ni wọn ì bá sùn mọ́jú, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ ní São Paulo. Kàńtà ni wọ́n ti máa ń dá irú èrò bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó bá gbé ẹni tí kò ní físà ló máa san ìtánràn.

Ájẹ́ńtì kọ́kọ́ dábàá pé kí wọ́n gba Amẹ́ríkà padà sí Èkó. Ìyẹn ṣeé ṣe fún Màmá nítorí pé físà wọn jẹ́ ti ọlọ́pọ̀ ìwọlé. Èyí tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní oṣù Keje ọdún 2025 kò lè ṣe é: ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni, oṣù mẹ́ta sì ni, ẹni tó bá ti jáde lọ sí Brazil ti lò ó tán. Amẹ́ríkà kò sì ní ibi tí èrò lè jókòó sí láìwọ orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó ń kọjá lọ gbọ́dọ̀ ní físà, yóò sì gba ẹrù rẹ̀ ní ibi àkọ́kọ́ tó bá balẹ̀ sí. Pẹ̀lú eékún Màmá, rárá.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Físà Bìrìtéènì tí wọ́n máa fi wọ Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kìn-ín-ní, ti oṣù mẹ́fà ni, ó sì gba kí èèyàn wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bàálù wà láti São Paulo sí Lọ́ńdọ̀nù, ó wà láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó, ilé iṣẹ́ kan tó jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ èyí tó ni tíkẹ́ẹ̀tì wa ló sì ni méjèèjì. Alẹ́ kan á wà láàárín síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Peckham ni wọ́n á ti sùn ún.

A pe ilé iṣẹ́ tó ni tíkẹ́ẹ̀tì náà, ẹni tó gbé fóònù sì kọ́kọ́ ní owó máa lé e. Níbẹ̀ ni òfin ti wúlò, kì í ṣe kí èèyàn fi jà, kó kàn fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n ni. Ní Amẹ́ríkà, láti ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2024, bí wọ́n bá sún ìrìnàjò òkè òkun tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbéra ṣáájú tàbí tó fi balẹ̀ lẹ́yìn àkókò rẹ̀ ní wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n bá yí pápákọ̀ padà, tàbí tí wọ́n fi ìpààrọ̀ ọkọ̀ kún iye tó wà tẹ́lẹ̀, èrò tó bá kọ̀ ọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀. Brazil tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀. Ìpinnu 400 tí ANAC, àjọ tó ń mójú tó bàálù níbẹ̀, gbé jáde ní ọdún 2016 ní bí àkókò bàálù òkè òkun bá fi ju wákàtí kan yẹ̀, tàbí ti abẹ́lé fi ju ìṣẹ́jú 30, kí èrò yan owó tàbí bàálù mìíràn. Ní Bìrìtéènì àti Yúróòpù, bí wọ́n bá fagi lé bàálù, èrò ló ń yan láàárín owó àti ọ̀nà mìíràn. Owó gbà-má-bínú máa ń wà lórí rẹ̀ bí ìkìlọ̀ bá dé nígbà tí kò tó ọjọ́ 14 mọ́, àyàfi bí ohun tó fà á bá kọjá agbára wọn. Tiwa ti ju ọjọ́ 14 lọ dáadáa, a ò sọ̀rọ̀ gbà-má-bínú. A ní ọ̀nà mìíràn la fẹ́, a dárúkọ bàálù méjèèjì pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, a sì ṣàlàyé físà. Ẹni yẹn lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Orin tí wọ́n fi há èèyàn létí pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó padà dé, owó tó máa lé e ti di òfo.

Àwọn kan nínú ẹbí ti ní ká gba owó wa, ká ra òmíràn. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fi náírà ra tíkẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ yára sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2024 la ra tiwa, nígbà tí náírà rọra sinmi díẹ̀ tí dọ́là kan sì wà ní àyíká 1,200. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti ju 1,600 lọ. Iye náírà tí a san ni wọ́n máa dá padà, ọjà tuntun ló sì máa bá wa lórí àtẹ, ní oṣù Kìn-ín-ní tí gbogbo àwọn tó wálé ṣọdún ń padà. Fún ẹni tó bá fi dọ́là tàbí pọ́n-ùn rà á, owó gbígbà lè bọ́gbọ́n mu. Fún àwa, àga tó wà lọ́wọ́ ló níye lórí.

Ti Salvador tí a rà lọ́tọ̀ kò sí nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí. Bí bàálù São Paulo bá pẹ́, ilé iṣẹ́ tó gbé Màmá wá kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àga abẹ́lé. Láti ọdún 2017 ni Brazil sì ti gba àwọn ilé iṣẹ́ láyè láti máa gbowó ẹrù lọ́tọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tó fúyẹ́ yẹn kò sì ní ẹyọ báàgì ńlá kan nínú. Ọmọ Houston san owó báàgì méjì, inú rẹ̀ kò dùn. Ẹ sì máa wo orúkọ pápákọ̀ dáadáa, kì í ṣe orúkọ ìlú nìkan. Guarulhos ni àwọn bàálù òkè òkun ń balẹ̀ sí ní São Paulo, Congonhas wà láàárín ìgboro, ọ̀nà tó jìn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀ kò kéré sí ti Èkó ló sì wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá sún bàálù abẹ́lé yín láti èkíní sí èkejì, ìlú kan náà ni yóò máa hàn lórí ìwé.

Ìgbà tí gbogbo ìlà padà di HK ni ọ̀pọ̀ ájẹ́ńtì máa ń ní iṣẹ́ parí. Kò tíì parí. Búkìǹgì lọ́tọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ òǹkà 13, mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ló ń sọ ilé iṣẹ́ tó ni í. Bí ìrìnàjò bá ti yí tó báyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ tún tíkẹ́ẹ̀tì náà kọ kó lè bá bàálù tuntun mu. Bí wọn ò bá ṣe é, orúkọ èrò á wà lórí bàálù, àga á wà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní kàńtà kò ní rí tíkẹ́ẹ̀tì tó fi máa gbà á wọlé. Mo ní kí ájẹ́ńtì tẹ ìwé tuntun jáde níwájú mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àga onítáyà tí a bẹ̀ fún Màmá ti já sílẹ̀ lórí gbogbo bàálù tó yí padà, àti ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí a sanwó fún. A tún wọn bẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alẹ́ yẹn ni mo ka ètò tuntun sétí Màmá látòkè délẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa Houston, wọ́n ní ọjọ́ ọdún dára, títí mo fi dé orí alẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù.

"Ṣé alẹ́ kan péré ni? Bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n lè sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ-ọmọ mi níbẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nígbà yẹn."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí ìpààrọ̀ ọkọ̀ bá ti kọjá wákàtí 24, ìdúró ni wọ́n ń kà á sí, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì lè tìtorí rẹ̀ lé.

"Èló ni wọ́n fẹ́ gbà?"

Mo ní ẹ jẹ́ kí n bi ájẹ́ńtì láàárọ̀. Wọ́n ní kí n bi í, kí n sì sọ fún un pé ilé iṣẹ́ bàálù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.